Ẹ bá mi dá olú pẹpẹ yìí mọ̀: ó le bí pákó, áàpù méjì sì pè é ní orúkọ méjì

Arìngbó · Sátidé, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa olú. Igi ńlá kan wà nínú igbó tí mo máa ń gbà kọjá, ó ti wó lulẹ̀ tipẹ́. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fara balẹ̀ wò ó, ni mo bá rí olú tó yọ bíi pẹpẹ lára rẹ̀. Kì í ṣe olú tó dé fìlà tó sì ní ẹsẹ̀ o. Eléyìí fẹ̀ pẹrẹsẹ, ó le koko, ó sì lẹ̀ mọ́ igi bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án. Mo ní kí n fọwọ́ ṣí i, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ bó.

Èyí tó tóbi jù fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 27. Òkè rẹ̀ rí bí eérú tó pọ́n díẹ̀, ó ní poro-poro bíi pé èèyàn kọ ebè sí i lára. Etí rẹ̀ funfun. Fọ́tò mẹ́rin nìyí, mo dúró lórí rẹ̀ yà wọ́n. Mo fi wọ́n wo áàpù tó ń fi fọ́tò dá olú mọ̀. Áàpù àkọ́kọ́ ní Fomes fomentarius ni. Áàpù kejì ní Trametes. Èwo ni kí n gbà?

Wòye_Wòye · 7:40 àárọ̀

Ẹ má gba ìkankan. Fọ́tò mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ látòkè! Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ẹ ní ká fi àtàrí nìkan mọ ẹni tó ń kọjá.

Òkè olú pẹpẹ kì í ṣe ibi tí èèyàn á gbára lé. Òjò ti pa á, oòrùn ti sá a, nǹkan àwọ̀ ewé ti hù sí i, eruku ti bò ó. Abẹ́ ni kí ẹ wò, torí abẹ́ ni iṣẹ́ tó tìtorí rẹ̀ yọ wà. Ibẹ̀ ló ti ń tú eruku irú rẹ̀ jáde, ìyẹn ohun tíntìntín tí atẹ́gùn ń gbé lọ kí òmíràn lè hù níbòmíràn.

Bí ẹ bá tún padà lọ, ẹ bá mi wo nǹkan wọ̀nyí. Ṣé ihò ló wà lábẹ́ rẹ̀, àbí ìlà gígùn tó tò bí ojú ewé ìwé, àbí ó kàn dán lásán? Ẹ fi èékánná ha ibẹ̀, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ìka nu òkè rẹ̀. Ẹ fọ́ èyí tó kéré jù, ẹ wo àwọ̀ inú rẹ̀. Kí ẹ sì tẹ igi náà fúnra rẹ̀ wò, ṣé ó rọ̀ bí òwú ni àbí ó ń fọ́ wẹ́wẹ́.

Ọmọ_Ìtì · 8:05 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ abẹ́ tí Bàbá Wòye sọ yìí, mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ṣa àwọn pẹlẹbẹ aláràbarà tí ara wọn ní ìlà òṣùmàrè, búráùn, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ọsàn. Mo kọ Trametes versicolor sára gbogbo wọn. Mo ní mẹ́rìnlá nínú páálí. Lọ́jọ́ kan ọ̀kan jábọ́ lọ́wọ́ mi, ó dojú dé. Mo wò ó, mi ò rí ihò kankan. Abẹ́ rẹ̀ dán bí awọ tí wọ́n fá. Mo bá da páálí náà sílẹ̀, mo dojú gbogbo wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ló jẹ́ Stereum, irú olú mìíràn tí abẹ́ rẹ̀ kì í ní ihò! Òkè wọn jọra bí ìbejì, abẹ́ wọn kò mọra rí.

Arìngbó · 11:34 àárọ̀

Mo ti lọ, mo ti bọ̀. Ẹ gbọ́ o.

Abẹ́ rẹ̀ funfun láú. Ojú lásán kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e, ihò ni, ihò roboto wíwẹ́wẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo to rúlà mọ́ ọn, mo ka márùn-ún láàárín mìlímítà kan.

Mo fi èékánná kọ lẹ́tà A sábẹ́ rẹ̀. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò, ibi tí mo ha ti di búráùn! Ó hàn ketekete bí ẹni fi bírò kọ ọ́.

Mo fi ìka nu òkè rẹ̀. Ìka mi pọ́n bí ẹni fọwọ́ kan irin tó dógùn-ún. Lábẹ́ ibi tí mo nù, èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú. Ohun tó pọ́n yẹn kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀, eruku ni! Ó bo ewé gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀, kódà okùn aláǹtakùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pọ́n.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tó ti gbó lára igi náà dúró ṣánṣán bí àwo tí wọ́n tò lóòró. Àwọn tuntun wá yọ lára àwọn ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá wo fọ́tò kẹfà, ẹ máa rí i. Kí ló fà á?

Wòye_Wòye · 12:10 ọ̀sán

Ẹ ṣé! Ẹ wo bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ju áàpù méjì lọ.

Trametes kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Trametes versicolor kì í nípọn ju mìlímítà díẹ̀ lọ, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ kò, inú rẹ̀ funfun, eruku irú rẹ̀ náà funfun. Eruku pupa kò lè ti ara rẹ̀ jáde.

Fomes fomentarius náà lọ. Ìyẹn rí bíi pátákò ẹṣin, ó lè ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, abẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú tàbí búráùn, kì í funfun láú báyìí. Eruku irú tirẹ̀ náà funfun.

Ẹnì kan lè fẹ́ dárúkọ Fomitopsis pinicola nítorí etí funfun yẹn. Òun sábà máa ń ní bẹ́líìtì pupa tàbí àwọ̀ ọsàn lẹ́bàá etí, inú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, kò dúdú. Bí èèyàn bá fi iná ìṣáná kan èèpo òkè rẹ̀, ńṣe ló máa ń yọ́ bí oje igi.

Ohun tó kù ni Ganoderma. Ihò funfun tó ń di búráùn lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ha á, pẹ̀lú eruku irú búráùn tó bo òkè: bí méjèèjì bá pàdé lára olú tó le báyìí, mi ò wá ibòmíràn mọ́. Òkè kò dán, kò ní ẹsẹ̀, ó fẹ̀. Ganoderma applanatum ni, mo fọwọ́ sọ̀yà.

Ní ti eruku tó wà lókè, abẹ́ ló ti jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ débi pé atẹ́gùn kékeré tó ń fẹ́ lára ìtì á gbé e padà sókè, á sì bà lé òun fúnra rẹ̀. Bí pẹpẹ méjì bá wà lórí ara wọn, tòkè á tún máa da tirẹ̀ sórí tìsàlẹ̀.

Ìbéèrè yín nípa èyí tó dúró ṣánṣán ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ihò abẹ́ yẹn, ẹnu ọ̀pá tóóró-tóóró ni wọ́n. Eruku irú gbọ́dọ̀ já bọ́ láàárín ọ̀pá náà wálẹ̀ láìkan ògiri ẹ̀gbẹ́, torí bó bá kàn án, á lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ọ̀pá gbọ́dọ̀ dojú kọ ilẹ̀ gan-an. Nígbà tí igi ṣì dúró, àwọn ti àtijọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Igi wó, wọ́n yí dànù pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pá wọn wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Olú náà kò lè yí ara rẹ̀ padà, ó ti le jù. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ tuntun lára ti àtijọ́, ó sì tún ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé olú yìí ti wà lára igi náà kó tó wó.

Gbẹ́nàgbẹ́nà · 12:52 ọ̀sán

Ẹ̀yin ń wo olú, èmi ń wo pákó. Arìngbó kò tíì sọ bí igi náà ṣe rà. Ọ̀nà méjì tí mo mọ̀ ni pé kó rà funfun tàbí kó rà pupa. Èyí tó rà funfun á rọ̀, á máa ya ní fọ́nrán-fọ́nrán bí okùn, torí olú náà ti jẹ ohun tó ń mú igi le, ohun dúdú inú igi. Èyí tó rà pupa á máa sán ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí bíríkì kéékèèké, á sì fọ́ di lẹ́búlẹ́bú lọ́wọ́. Ganoderma ń ra igi ní funfun. Fomitopsis pinicola ń rà á ní pupa. Bó bá jẹ́ bíríkì-bíríkì ni igi yẹn ń sán, a jẹ́ pé Bàbá Wòye ti yára jù.

Arìngbó · 1:15 ọ̀sán

Fọ́nrán-fọ́nrán ni, ó funfun, ó tutù, mo fi ìka fà á ya bí òwú.

Ayọ̀_Kékeré · 1:30 ọ̀sán

Ganoderma kẹ̀? Ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lọ̀ sínú kápúsù yẹn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n Arìngbó, ẹ gé díẹ̀ fún mi!

Wòye_Wòye · 1:41 ọ̀sán

Àbúrò, rọra. Àwọn tí òkè wọn ń dán bí ẹni kun fáníṣì, bíi Ganoderma lucidum tó sábà máa ń ní ẹsẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń fi orúkọ yẹn tà. Dídán yẹn náà ló bí orúkọ ẹbí wọn nígbà tí Karsten, ará Finland, sọ wọ́n ní Ganoderma ní ọdún 1881, tó túmọ̀ sí awọ dídán ní èdè Gíríìkì. Ó wá burú fún eléyìí, tó jẹ́ pé awọ tirẹ̀ kò dán rárá. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí orúkọ tí a bá pe nǹkan níbí gbé e sẹ́nu. Fọ́tò là ń wò, oògùn kọ́ là ń pín.

Màmá_Ọgbà · 2:20 ọ̀sán

Ẹ kú làákàyè o. Ìbéèrè tèmi: ṣé a lè ka ọjọ́ orí rẹ̀ nípa poro òkè yẹn, bí wọ́n ṣe ń ka ti inú igi? Mo ka mọ́kànlá nínú fọ́tò kejì.

Ọmọ_Ìtì · 2:33 ọ̀sán

Ẹ má gbára lé poro, mà. Bí ó bá ní ìsinmi díẹ̀ láàárín ọdún nítorí ọ̀gbẹlẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, poro méjì lè wà fún ọdún kan. Ìpele ọ̀pá inú rẹ̀ sàn díẹ̀, àmọ́ ó di dandan kí ẹ gé e láti òkè dé ilẹ̀ kí ẹ tó lè rí i.

Aláwò · 4:08 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Wòye, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi fẹ́ sọ pé ibi tí ẹ fọwọ́ sọ̀yà yẹn, ẹ dákun, ẹ gbé ọwọ́ kúrò láyà díẹ̀. Ganoderma, mo gbà tọwọ́-tẹsẹ̀. Applanatum, mi ò tíì gbà. Àbúrò rẹ̀ ńkọ́, Ganoderma australe? Òun náà tóbi, òun náà kò dán, abẹ́ òun náà funfun tó sì ń di búráùn tí wọ́n bá ha á. Ìdánwò èékánná kò lè yà wọ́n.

Mo wo fọ́tò kẹjọ, èyí tí Arìngbó yà láti ẹ̀gbẹ́. Etí olú yẹn nípọn, ó yípo bí ètè. Ti applanatum sábà máa ń tín-ín-rín, ó máa ń mú. Èyí nìkan kò tó láti dájọ́, àmọ́ ó tó láti dá ọwọ́ dúró.

Arìngbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ayùn kékeré lọ. Ẹ gé ọ̀kan tó ti gbó láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé. Ẹ wo bí èèpo òkè ṣe nípọn tó. Ẹ wo bóyá ẹran inú rẹ̀ dúdú tàbí ó fúyẹ́ lójú, bóyá fọ́nrán funfun wà káàkiri inú rẹ̀, torí applanatum sábà máa ń ní i. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ìpele ọ̀pá kan sí èkejì, ṣé ẹran búráùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn bíi búrẹ́dì láàárín nǹkan méjì, àbí ìpele kan jókòó lórí èkejì láìsí nǹkan kan láàárín? Ti applanatum sábà máa ń ní ẹran láàárín. Ti australe kì í sábà ní.

Kí ẹ sì tún wo abẹ́ wọn dáadáa bóyá àwọn kan ní kókó ṣóńṣó-ṣóńṣó bí orí ọmú. Eṣinṣin kékeré kan wà, Agathomyia wankowiczii, tí ọmọ rẹ̀ ń gbé inú kókó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ applanatum. Bí ẹ bá rí i, ẹ dákẹ́ ẹjọ́, applanatum ti jàre. Bí ẹ kò bá rí i, kò já mọ́ nǹkan kan, torí kì í ṣe ibi gbogbo ni eṣinṣin náà wà.

Wòye_Wòye · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti gbé ọwọ́ kúrò láyà. Mo ti sinmi sórí applanatum torí òun ni mo máa ń bá pàdé jù. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí.

Arìngbó · Sunday, 10:02 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ fẹ́ sọ mí di agégẹdú! Ayùn mi ti kú díẹ̀.

Mo gé èyí tó wà nísàlẹ̀. Èèpo òkè nípọn, ó dúdú, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀ rárá. Ẹran inú dúdú bí igi tí iná jó díẹ̀. Mi ò rí fọ́nrán funfun. Ìpele ọ̀pá mẹ́rin ni mo kà, ọ̀kan jókòó lórí èkejì gírígírí, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Fọ́tò wà lókè. Kò sí kókó kankan lábẹ́ ìkankan nínú méjìlá tí mo dojú wọn wò.

Aláwò · 10:25 àárọ̀

Ẹnu gbogbo wọn ń tọ́ka sí australe. Ó ku ẹ̀rí kan, òun ni mo sì fọkàn tán jù. Ẹ má fi eruku òkè ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o, torí ẹ ò mọ ti ẹni tí atẹ́gùn gbé wá. Ẹ gé ègé kékeré láti ara tuntun tó ṣì ń funfun lábẹ́, ẹ dojú rẹ̀ dé sórí gíláàsì, ẹ fi ife bò ó di òwúrọ̀. Ohun tó bá bọ́ sórí gíláàsì ni tirẹ̀. Ṣé ẹ ní ẹni tó ní máíkrósíkópù?

Arìngbó · 10:31 àárọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní i nílé ìwé wọn.

Arìngbó · Wẹ́sidé, 6:47 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa. Gíláàsì náà ní àmì roboto búráùn ní òwúrọ̀ Monday, ó wú mi lórí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọn ogún. Ó ní wọ́n rí bí ẹyin tí ẹnì kan gé ṣóńṣó orí rẹ̀ kúrò, ògiri wọn sì jẹ́ ìpele méjì. Èyí tó kúrú jù jẹ́ màíkírómítà 9, èyí tó gùn jù jẹ́ 11.5. Màíkírómítà 1,000 ló ń di mìlímítà kan, ó ní kí n sọ fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé ojú òun ti pọ́n.

Aláwò · 7:15 alẹ́

Orí tó dà bí ẹni gé e pẹ̀lú ògiri ìpele méjì ni Ganoderma, a ti mọ ìyẹn. Ní ti gígùn, eruku irú applanatum kì í sábà kọjá 9. Ọmọ yẹn wọn ogún, kò rí ìkankan tó kéré sí 9. Pẹ̀lú èèpo tó nípọn, ẹran dúdú, àti ìpele tí kò ní nǹkan láàárín, Ganoderma australe ni mo máa kọ. Àwọn onímọ̀ tó ń yẹ àbùdá inú rẹ̀ (DNA) wò ṣì ń pín orúkọ yìí sí ọ̀pọ̀, nítorí náà èmi á fi "agbo australe" sí i. Ẹ bá mi kí ọmọ náà.

Wòye_Wòye · 7:22 alẹ́

Mo gbà. Mo ti tún tèmi mẹ́ta gbé jáde nínú àpótí. Èmi náà fẹ́ lọ wá ayùn.

Gbẹ́nàgbẹ́nà · 7:40 alẹ́

Arìngbó, kí n tó lọ: ṣé irú igi yẹn mìíràn ṣì dúró nítòsí ibẹ̀, tó sì ní olú yìí nídìí? Bó bá wà, ẹ má máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ewé rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ lókè kí ìdí rẹ̀ ti di òwú.

Arìngbó · 7:58 alẹ́

Ọ̀kan wà. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń sinmi. Mo ti gbọ́, sà.

Ọmọ_Ìtì · 8:03 alẹ́

Lẹ́tà A ńkọ́?

Arìngbó · 8:06 alẹ́

Ó ṣì wà. Mo ṣí ọ̀kan náà wálé, ó ti gbẹ, kò parẹ́. Àwọn ọmọ mi ti ya ajá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màmá_Ọgbà · 8:30 alẹ́

Ẹ ti kó bá mi. Mo lọ dojú èyí tó wà lára kùkùté ẹ̀yìnkùlé mi dé. Kì í ṣe ihò, kì í ṣe ìlà. Ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà tí èèyàn lè sọnù sí, ògiri rẹ̀ nípọn. Mo ti ha á, kò yí padà. Fọ́tò mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ lábẹ́!

Wòye_Wòye · 8:34 alẹ́

Màmá, ẹ ṣí ojú ewé tuntun fún un. Kí ẹ sì tẹ kùkùté náà wò kí ilẹ̀ tó ṣú jù.